Orin Ọjọ́ Ajé

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ kò tíì lù nígbà tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ orin pe àgọ́ ọlọ́pàá pé wọ́n ti ja òun lólè. Nígbà tí ìnsípẹ́kítọ̀ débẹ̀, kò rí ilẹ̀kùn tó fọ́, kò rí fèrèsé tí wọ́n já. Gbogbo ẹ̀rọ wà ní àyè wọn. Ọ̀gá náà, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Alága, kàn na fóònù sí i.

"Ohun tí wọ́n jí nìyí," ó ní. "Orin méjìlá. Oṣù mẹ́ta ló kù kí a gbé àwo náà jáde, gbogbo ayé sì ti ń gbọ́ ọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti àná."

Ìnsípẹ́kítọ̀ mọ ẹni tó ni ohùn náà. Ta ni kò mọ Ìbákà? Orin méjìlá yìí ni obìnrin náà fi dágbére fún iṣẹ́ rẹ̀. Jẹjẹrẹ ọ̀fun ló mú un. Ọjọ́ kejì tó parí iṣẹ́ ni àwọn dókítà gé ibi tí ohùn ń gbà jáde kúrò. Ó yè é, ṣùgbọ́n kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé.

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú," Alága tún sọ. "Mo ti mọ olè náà. Ẹ̀dà mẹ́ta péré ni mo yọ̀ǹda, mo sì fi àmì ìkọ̀kọ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Etí kò lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kọ̀m̀pútà lè rí i. Èyí tó wà níta yìí kò ní àmì kankan. Inú ẹ̀rọ sítúdíò nìkan ni orin tí kò ní àmì wà, ẹnìkan ṣoṣo ló sì ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀."

Ẹni náà ni agborinsílẹ̀, ọkùnrin tó ti jókòó ti ẹ̀rọ yẹn fún ọdún mọ́kàndínlógún. Kó tó di ọ̀sán, ó ti wà ní àtìmọ́lé. Àwọn ilé-iṣẹ́ orin ti ń pariwo tipẹ́ pé íńtánẹ́ẹ̀tì ń pa àwọn. Ní báyìí, wọ́n ti rí ẹni tí wọn yóò fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Lọ́yà wọn ní ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò gbé e dé kóòtù, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni àwọn yóò sì béèrè.

"Ta lo fún ní orin yìí?" ìnsípẹ́kítọ̀ bi í.

"Mi ò tà á, ọ̀gá."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o tà á."

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Ẹnu mi kọ́ lẹ ti máa gbọ́ ọ."

"O níyàwó, o bímọ mẹ́ta. Ṣé o mọ ohun tí ẹ̀wọ̀n jẹ́?"

"Ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ibojì, ọ̀gá. Ẹni tó wọ̀ ọ́ lè jáde."

Ìnsípẹ́kítọ̀ ti gbọ́ irọ́ olè fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Olè a máa búra, a máa pe Ọlọ́run, a sì máa dárúkọ ẹlòmíràn. Eléyìí kò ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ó dà bí ẹni tó ru ẹrù ẹlẹ́rù, tí kò sì fẹ́ sọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti sájẹ́ǹtì rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe, tó sì ń fi orin sínú fóònù àwọn oníbàárà.

"Níbo lo ti rí orin Ìbákà?"

"Níbi tí gbogbo ayé ti rí i ni. Ọ̀gá mi, ọ̀rọ̀ tó bá ti kọjá eyín méjìlélọ́gbọ̀n, ti igba èèyàn ni. Tí ẹ bá ní kí ẹ mú gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ, ẹ̀yin ọlọ́pàá lẹ máa kọ́kọ́ ti ara yín mọ́lé. Sájẹ́ǹtì yín yìí ń kọ ọ́ lẹ́nu bó ṣe ń wọlé bọ̀!"

Sájẹ́ǹtì dorí kodò.

"Èwo ni wọ́n ń béèrè jù?"

"Ìkeje ni o. Ìyà Mi Ò Tán. Tí àwọn obìnrin bá gbọ́ ọ, ojú ni wọ́n á máa nù."

"Ìyá Mi Ò Tán ni Alága pè é fún mi."

"Ìyá kẹ̀? Etí tèmi kò dití. Ẹ gbọ́ fúnra yín."

Ó tẹ fóònù. Ohùn náà jáde, ó tutù, ó há díẹ̀: *Ìyà mi ò tán lẹ́nu mi.* Ìnsípẹ́kítọ̀ ní kó tún un fi. Ìyà náà ni. Ó kúrò níbẹ̀, ó kọrí sí ọ́fíìsì Alága, ó gbọ́ ẹ̀dà tó ní àmì. Orin kan náà ni, àfi lójú kan ṣoṣo. Níbẹ̀, ohùn náà gòkè: *Ìyá mi ò tán lẹ́nu mi.* Ó wá béèrè ìwé tí olórin náà wò kọrin. Akọ̀wé mú un wá. Lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, láìsí àmì ohùn kan lórí rẹ̀: IYA MI O TAN LENU MI.

Ó mú ìwé náà lọ sí àtìmọ́lé. Bí agborinsílẹ̀ ti rí i, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

"Kọ̀m̀pútà wọn kò mọ àmì ohùn, ọ̀gá. Akéwì kan ló kọ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́, Ìbákà ló fi ohùn sí i. Ọjọ́ Ajé la gbà á sílẹ̀. Ó rí 'iya', ó kọ ìyà. Pẹ̀lú irora tó wà lára rẹ̀, kí ni ìbá tún kà? Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni akéwì pè láti béèrè bó ṣe lọ, ó ní ìyá lòun kọ. Ìbákà padà wá. Ó ń tu ẹ̀jẹ̀ sínú aṣọ ìnujú, ó ní òun ò ní fi àṣìṣe ṣe ìkẹyìn. Nígbà tó tún un kọ tán, mo pa ti ọjọ́ Ajé rẹ́ níwájú rẹ̀."

"Ti ọjọ́ Ajé sì ni gbogbo ayé ń gbọ́. A jẹ́ pé ó ti jáde kó o tó pa á rẹ́. Ọwọ́ ta lo fi lé?"

Ọkùnrin náà bo ojú.

"Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ó ní kí n fi orin méjèèjìlá sínú fíláàṣì kóun lè gbọ́ wọn nílé. Òfin ilé-iṣẹ́ ò gbà á. Ọ̀gá, ẹni tó ti pàdánù ohùn, ṣé èmi ni màá tún fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́?"

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ìnsípẹ́kítọ̀ àti Alága wọ yàrá ìgbàlejò Ìbákà. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí wọ́n tì, ó wé aṣọ mọ́ ọrùn, síléètì kékeré wà lórí itan rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dúró tì í. Bí Ìbákà bá mi ètè, ẹ̀gbọ́n á sọ ọ́ síta.

"Àbúrò mi ní ẹ káàbọ̀."

Nígbà tí ìnsípẹ́kítọ̀ sọ̀rọ̀ fíláàṣì náà, Alága fò sókè. "Òun fúnra rẹ̀ ló wá jí orin ara rẹ̀?"

"Rárá. Ẹni tó tu ẹ̀jẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kan kò ní gbé èyí tó fi àṣìṣe kọ síta. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ kò mọ̀ pé wọ́n tún un kọ. Ta ni kò sí ní sítúdíò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?" Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n. "Àwọn nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ wà nílé ìwòsàn látàárọ̀ dalẹ́, ẹ ń tọ́jú ibùsùn tó máa sùn lé. Alága, àmì yín mú ẹni tí kò ṣe é. Èyí tó mú ẹni tó ṣe é ni àmì tí akọ̀wé yín kò fi sórí 'iya'."

Ẹ̀gbọ́n rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Èmi ni," ó ní. "Láti ìgbà tó ti dé láti ilé ìwòsàn, ara ògiri ló kọjú sí. Mo ní oṣù mẹ́ta pọ̀ jù, a ò mọ̀ bóyá ó máa rí i. Mo fẹ́ kó gbọ́ orin rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ń kọjá lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo ni mo fi ránṣẹ́ sí. Mo ní kó má fún ẹnikẹ́ni."

"Òun náà á ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fún," ìnsípẹ́kítọ̀ dáhùn.

"Ọjọ́ tí obìnrin kan kọ ọ́ kọjá lábẹ́ fèrèsé, àbúrò mi bú sẹ́kún. Mo rò pé ẹkún ayọ̀ ni. Ó ní kí n ti fèrèsé, mo rò pé òtútù ló ń mú un."

Ìbákà kọ nǹkan sórí síléètì, ó gbé e sókè: *Ìyẹn kọ́ ni mo kọ.*

Ẹ̀gbọ́n kà á, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ mọ̀ pé wọ́n ti agborinsílẹ̀ mọ́lé," ìnsípẹ́kítọ̀ sọ. "Ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ò sọ̀rọ̀."

"Ojoojúmọ́ ni mo ń wọ bàtà kí n wá. Màá dé ẹnu ọ̀nà, màá padà. Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa gbọ́ ohun tó bá ń sọ? Èmi nìkan ni mo mọ ètè rẹ̀ kà."

Ìnsípẹ́kítọ̀ wo Alága. Ó retí pé bóyá yóò ní kí wọ́n fi ẹ̀gbọ́n sílẹ̀. Alága tún táì rẹ̀ ṣe. "Ó dùn mí," ó ní, "ṣùgbọ́n òfin lòfin. Àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù ń wò mí."

Ìnsípẹ́kítọ̀ pe àgọ́, ó ní kí wọ́n tú agborinsílẹ̀ sílẹ̀ kó lè bá àwọn ọmọ rẹ̀ jẹun alẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n dìde, ó to oògùn àbúrò rẹ̀ sórí tábìlì bó ṣe máa lò ó tẹ̀léra, ó sì tẹ̀lé sájẹ́ǹtì jáde. Kò wẹ̀yìn. Bóyá ó mọ̀ pé bí òun bá wẹ̀yìn, ẹsẹ̀ òun kò ní gbé òun mọ́.

Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí ọkọ̀ nígbà tí ìnsípẹ́kítọ̀ bojú wo ilé. Ìbákà ti dìde, ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di férémù mú, ó la ẹnu gbàgà. Gbogbo iṣan ọrùn rẹ̀ ló le. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń pè, ó ń pè é léraléra, kò sì sí ohùn kan tó ń jáde. Obìnrin tó lè ka ètè rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń lọ.

Ìnsípẹ́kítọ̀ kò mọ ètè kà. Ṣùgbọ́n èyí yé e.

"Ẹ dúró díẹ̀, mà," ó ní. "Àbúrò yín ń pè yín."