Dáwódù Tó Ní Éèsì Méjì Lọ́wọ́

Ìwọ tó ò ń ka ìwé yìí, jọ̀wọ́, fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ Ṣèyílọ́lá ará Ajah. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tìrẹ náà.

Ọmọ onílẹ̀ ni Ṣèyílọ́lá. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ẹbí pè é síwájú gẹ́gẹ́ bíi dáwódù, wọ́n fa ilé bàbá lé e lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ìwọ ni bàbá àwọn àbúrò rẹ báyìí." Àbẹ̀bí àbúrò rẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, ń gbé inú ilé náà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. "Bàbá" ni wọ́n ń pe Ṣèyílọ́lá. Ẹ wo bàbá! Tẹ́tẹ́ ni bàbá ń ta kiri.

Pókà, tẹ́tẹ́ oníkáàdì, ló ń ta, ní pálọ̀ Ọ̀gá Ògúnkúnlé, àjẹ́ńtì ilẹ̀ kan ní Lekki. Ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Tó bá jẹ, á fẹ́ jẹ sí i. Tó bá fìdí rẹmi, á fẹ́ gbà á padà. Kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìka rẹ̀ á máa to káàdì lórí itan.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, wọ́n pín káàdì méjì-méjì fún wọn. Ṣèyílọ́lá yọjú wo tirẹ̀: éèsì méjì! Kò sí káàdì méjì tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fi bẹ̀rẹ̀ eré. Ni Ògúnkúnlé bá ti gbogbo owó iwájú rẹ̀ sáàárín tábìlì. Ẹni tó bá fẹ́ bá a lọ gbọ́dọ̀ fi ohun tó tó o sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó da káàdì rẹ̀ nù.

"Owó mi ti tán, Ọ̀gá."

"Ilé Ajah ńkọ́? Ṣebí ìwọ ni dáwódù. Ẹnu rẹ ti tó."

Ẹ gbà mí o! Ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan! Ṣùgbọ́n éèsì méjì ni o. Á di káàdì mú, á tún fi sílẹ̀.

Àṣé Olúwadábírà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Òun àti Ṣèyílọ́lá ni wọ́n jọ ń ta káàdì tẹ́lẹ̀, kí Dábírà tó gba Jésù. Àbẹ̀bí ló bẹ̀ ẹ́ pé kó wá mú ẹ̀gbọ́n òun wálé.

"Ṣèyí, dìde jàre."

"O ò rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni?"

"Mi ò fẹ́ rí i. Tó o bá jẹ, ṣé wàá dìde?"

Ṣèyílọ́lá tún wo káàdì rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun ò ní dìde. Tí ilé náà ò bá lọ lónìí, á lọ lọ́jọ́ mìíràn. Ìtìjú bò ó.

"Mi ò lè dá dìde, Dábírà." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Èmi náà ò lè dá a ṣe. Jésù ló fà mí dìde. Ké pè é."

"Jésù, gbà mí o!" Gbogbo pálọ̀ ló gbọ́. Ó dojú éèsì méjèèjì délẹ̀, ó sì dìde.

Ògúnkúnlé bú sẹ́rìn-ín, ó ṣí tirẹ̀ hàn: méjì àti méje. Káàdì yẹpẹrẹ! "Ọ̀dẹ̀! Ìwọ ni ì bá jẹ!"

Ó dun Ṣèyílọ́lá, ká má purọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù wá bà á gidi, torí ó mọ̀ pé ká ní òun jẹ ni, orí àga yẹn lòun ì bá kú sí. Inú mọ́tò Dábírà ló ti fi ayé rẹ̀ fún Jésù. Nígbà tó délé, dáwódù kúnlẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀, ó jẹ́wọ́ ohun tó fẹ́ẹ́ ṣe.

Ọ̀rẹ́ mi, kí ló wà lọ́wọ́ tìrẹ tó dára débi pé o ò lè fi í sílẹ̀? Ẹni tó pàdánù tètè máa ń sunkún wá sọ́dọ̀ Jésù. Ìwọ tó ò ń jẹ, tó o rò pé kò séwu, ìwọ gan-an ni mo ń bẹ̀. Ronú pìwà dà lónìí. Níbi tó o jókòó sí yìí, ké pe Jésù. Ó ń gbọ́.