Agolo Tí Ògiri Gbé Mì

Ojú òfurufú, ẹ̀rọ tó ń wo ayé láti òkè, kì í purọ́. Gbogbo ará Èkó ìgbà náà ló gbà bẹ́ẹ̀: bó bá ní abẹ́rẹ́ wà níbì kan, kí èèyàn ṣáà na ọwọ́, abẹ́rẹ́ náà ni yóò mú. Àmọ́ ó ti tó oṣù kan tí àwọn tó ń ṣe eré àwárí ti ń yí ilé ọtí Perẹ́írà ká ní Pópó Àgùdà, tí wọ́n ń fọwọ́ pa ògiri rẹ̀, tí wọ́n sì ń padà lọ lọ́wọ́ òfo.

Eré àwárí kò le. Ẹnì kan á fi agolo kékeré pamọ́ síta gbangba, á sọ ibẹ̀ fún ojú òfurufú. Ẹni tó bá rí i á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tó wà nínú agolo, á sì dá a padà. Agolo ti ilé ọtí yìí wà nínú ihò kan lẹ́yìn orí kìnnìún tí àwọn Àgùdà àtijọ́ mọ sára ògiri. Ilé náà wu ojú: òdòdó wé mọ́ gbogbo òpó rẹ̀, gíláàsì fèrèsé rẹ̀ sì ń tàn ní pupa àti àwọ̀ aró. Ẹni tó bá rí agolo a máa wọlé wá mu ọtí. Ìdí nìyí tí Pa Perẹ́írà, arúgbó tó ni ilé náà, fi ránṣẹ́ pe Dókítà Ọmọ́tọ́lání.

Ọmọ́tọ́lání ló ṣe símẹ́ńtì ẹlẹ́mìí. Bí ògiri bá sán, símẹ́ńtì yìí á hù bí ewé, á sì dí ojú ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Òun ni wọ́n fi rẹ́ ilé ọtí náà kó má baà wó. Òun náà ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé Ìlú Tuntun lórí òṣùpá, níbi tí Akínyẹlúrẹ́, àbúrò Ọmọ́tọ́lání, ti jẹ́ ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́.

Ọ̀sán ni Ọmọ́tọ́lání dé. Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Láti ìgbà tó ti parí ìwádìí kan nípa ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀ lórí òṣùpá ni oorun ti jìnnà sí i, kò sì mọ ohun tó fà á.

"Jókòó mu omi ná, ọmọ mi," ni Pa Perẹ́írà wí.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Mi ò lè jókòó. Símẹ́ńtì ló dí ihò yẹn. Màá là á, màá yọ agolo yín, màá sì máa lọ."

Ó gbé ayùn rẹ̀, ó la ẹ̀yìn orí kìnnìún. Ihò yọ, roboto bí agolo. Ìwé inú agolo wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e, ṣùgbọ́n agolo fúnra rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun pupa.

Arúgbó náà tẹjú mọ́ ìyẹ̀fun náà. "Lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ rẹ́ ilé yìí, mo bi ọ́ pé kí ni nǹkan yìí ń jẹ. O ní omi àti oòrùn."

"Ohun tí a rí nígbà náà nìyẹn, Bàbá. Ọdún méjì la fi dán an wò."

"Ohun tó lẹ́mìí, tébi bá pa á, ṣé ìwọ ni yóò bi kó tó jẹun?" Ó mí kanlẹ̀. "Èmi náà ni mo gbà. Mo fẹ́ kí ilé bàbá mi dúró."

Ọmọ́tọ́lání ti sáré gun òkè. Ó fi òòlù kan irin tó gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ró, òòlù sì wọ inú irin bí ẹni gún ẹ̀kọ.

"Bàbá, ẹ kó gbogbo èèyàn jáde. Kí ẹnikẹ́ni má padà wọlé."

"Títí di ìgbà wo?"

Ọmọ́tọ́lání ti ń fa fóònù rẹ̀ yọ. Irin ni egungun gbogbo ilé orí òṣùpá. Irin náà ni kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ilé sá jáde. Ó pe àbúrò rẹ̀.

"Àǹtí mi, ṣé kò sí?" ni Akínyẹlúrẹ́ bi í.

"Kó gbogbo èèyàn sínú ọkọ̀, báyìí báyìí. Símẹ́ńtì náà ń jẹ irin."

Akínyẹlúrẹ́ kò bá a jiyàn. Ọmọ́tọ́lání gbọ́ ìró agogo, ó gbọ́ ẹsẹ̀ àti ẹkún ọmọdé. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ níwájú ilé ọtí títí ohùn àbúrò rẹ̀ fi padà dé láti inú ọkọ̀.

"Gbogbo wa ti wọlé. Àǹtí, Ògúnkọ̀yà ńkọ́?"

Ògúnkọ̀yà ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́. Nínú ìjàǹbá ọjọ́sí lórí òṣùpá, afẹ́fẹ́ jò, òun àti ẹni méjì kú. Ìwádìí tí Ọmọ́tọ́lání ṣe sọ pé Ògúnkọ̀yà ló gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn.

"Ó tì í," ni Ọmọ́tọ́lání wí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé ọtí náà wó lulẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni Ọmọ́tọ́lání lọ sí Ìkòròdú, sọ́dọ̀ ìyá Ògúnkọ̀yà. Láti ìgbà ìwádìí ni àwọn ará àdúgbò kì í ti í kí obìnrin náà mọ́. Ìyá apànìyàn ni wọ́n ń pè é.

Ọmọ́tọ́lání kúnlẹ̀. "Màmá, èmi ni mo sọ pé ọmọ yín gbàgbé ilẹ̀kùn. Kò gbàgbé. Ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ló pa wọ́n."

Ìyá náà wò ó títí. "Èmi ti mọ̀ pé ó tì í," ó wí.

Ó fa Ọmọ́tọ́lání dìde, ó mú un lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi tí àwọn aládùúgbò pọ̀ sí.

"Ibí ni kí o ti sọ ọ́," ó wí.

Ọmọ́tọ́lání sọ ọ́ látòkè délẹ̀. Ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá náà ní kó tún un sọ, kó gbé ohùn sókè, nítorí àwọn tó wà lẹ́yìn kò tíì gbọ́.