Èmi Kì Í Ṣe Owó Ìtanràn

Ọkùnrin náà gbé sẹ́dà funfun tó dára jù lọ ní ìsọ̀ Alájì Ramanou sókè, ó fi ẹnu kàn án, ó sì fẹ́ èémí gba inú rẹ̀ kọjá. Kouboura, ọmọ Alájì, tó ń ká aṣọ lẹ́yìn tábìlì, rò pé ojú ń tan òun jẹ ni. Nígbà tí ọkùnrin náà tún un ṣe, inú bí i.

“Ẹ̀gbọ́n, aṣọ lẹ fẹ́ rà ni, àbí fèrè lẹ fẹ́ fọn?”

“Mo fẹ́ mọ bó ṣe fúyẹ́ sí ni. Apá ni mo fẹ́ fi bò.”

“Apá ta ni?”

“Apá ọkọ̀ òfurufú.”

Kouboura wò ó láti òkè délẹ̀. Ọkùnrin náà rẹwà, kò sí irọ́ níbẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì mú un dun Kouboura pé orí rẹ̀ lè má pé. Ó sọ fún un pé sẹ́dà tí ìyàwó fi ń wọlé ọkọ kọ́ ni ènìyàn ń lẹ̀ mọ́ igi. Chitou, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, sanwó, ó sì rẹ́rìn-ín.

“Ẹ wá wò ó ní pápá lọ́jọ́ Àìkú ná, kí ẹ tó bú mi tán.”

Ìbínú ló gbé Kouboura débẹ̀. Ó fẹ́ lọ rí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ aṣọ bàbá òun.

Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ni Chitou ń ṣe ní Porto-Novo. Nígbà tí àwọn sójà gbàjọba, tí àwọn yòvó, ìyẹn òyìnbó, kan ń di ẹrù wọn, olùkọ́ kan láàárín wọn fi ọkọ̀ òfurufú kékeré méjì tí wọ́n fi igi ṣe sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú àpótí méjì tí wọ́n fi ń darí wọn láti ilẹ̀. Chitou àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Assani tíṣà, kó àwọn ọ̀rẹ́ jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń fò wọ́n ní pápá kan lójú ọ̀nà Avrankou.

Òfin kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà ní. Ìgbì rédíò kan náà ni àpótí méjèèjì ń lò. Bí ọkọ̀ kan bá wà lókè, tí ẹnìkan sì tan àpótí kejì, ọkọ̀ náà á ya wèrè, á já lulẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá so aṣọ pupa ẹgbẹ́ mọ́ ọrùn ọwọ́ nìkan ló gbọ́dọ̀ tan àpótí.

Kouboura rí sẹ́dà bàbá rẹ̀ lápá ọkọ̀ náà tó ń tàn nínú oòrùn lókè orí àwọn igi ọ̀pẹ. Ìbínú tó gbé wá láti ilé, kò rántí ibi tó gbé e sí mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, òun ló ń gé sẹ́dà fún wọn. Chitou á jókòó tì í, á ní, “Aya mi, fà á le díẹ̀.” Kouboura á ní, “Ta ló ti gba owó orí lọ́wọ́ rẹ? Gbé gọ́ọ̀mù wá níbẹ̀.” Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, gbogbo ẹgbẹ́ sì mọ̀.

Alájì Ramanou nìkan ni kò fẹ́ gbọ́. Nígbà tí àwọn ará ilé Chitou wá tọrọ ọmọ, kò fi omi lọ̀ wọ́n. Ó ní òun kò lè fi ọmọ fún àgbàlagbà tó ń fi igi ṣeré. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi: àgbàlagbà tó ń fi igi ṣeré sàn ju ọ̀pọ̀ tó ń fi ènìyàn ṣeré lọ.

Lọ́dún kẹta ìjọba àwọn sójà, aṣojú ìjọba kan wá sí pápá láti wo eré náà. Ọkọ̀ Chitou wà lókè, aṣọ pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni Alájì gun mobilẹ́tì dé láti wá fa ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Ó gbá àpótí kejì mú lórí tábìlì.

“Ṣé nǹkan yìí ló gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi?”

Ó ń mì ín, ó ń tẹ̀ ẹ́, àpótí sì tàn. Ọkọ̀ náà ta gìrì lókè, ó dorí kodò, ó sì wọ inú dígí iwájú mọ́tò aṣojú ìjọba. Dígí gé dírẹ́bà lójú.

“Ta ló ṣe é?” ni aṣojú náà bi wọ́n. “Ọ̀tá ìjọba ìyípadà wo ló wà níbí?”

Alájì ti gbé àpótí sílẹ̀. Kouboura la ẹnu, ṣùgbọ́n Chitou ti wo ojú bàbá náà, ó sì ṣáájú rẹ̀.

“Èmi ni. Ọwọ́ mi ló yọ̀.”

Àwọn mìlísì ìjọba tó ń ṣọ́ aṣojú náà lù ú níbẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí àhámọ́. Alájì gun mobilẹ́tì rẹ̀ lọ sílé.

Nílé, ó pe ọmọ rẹ̀. “Mo ti ronú sí i. Bí wọ́n bá tú ọmọkùnrin yẹn sílẹ̀, màá fi ọ́ fún un. Mi ò ní gba owó orí. Ṣebí ohun tí o fẹ́ nìyẹn?”

Ohun tó fẹ́ ni lóòótọ́. Àmọ́ inú bí i gidigidi.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀, èmi lẹ fẹ́ fi san ìtanràn?”

“Wọ́n á gba ìsọ̀ mi, Kouboura. Oníṣòwò ni mí. Wọ́n ti ń wá irú wa.”

“Ẹni tí wọ́n mú, ṣé igi ni?”

Kouboura gbé oúnjẹ lọ sí àhámọ́. Ojú Chitou wú. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i, ẹ̀rín náà sì tún bí Kouboura nínú.

“Ta ló ní kí o parọ́ nítorí mi?”

“Bí wọ́n bá ti bàbá rẹ mọ́lé, ta ló máa fi ọ́ fún mi?”

“Nítorí náà o rà mí. Lọ́jọ́ tí o bá gbá mi létí, tí o bá fẹ́ ìyàwó míì lé mi, ta ni màá fi ẹjọ́ sùn? Wọ́n á ní ṣebí ó lọ àhámọ́ nítorí bàbá rẹ.”

“Ìyà tí mo jẹ yìí, èébú lo fi ń dúpẹ́ ẹ̀?”

“Mi ò lè fẹ́ ọ báyìí, Chitou.”

Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó sì lọ. Àwọn kan á ní aláìmoore ni. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹnìkan ti fi wọ́n san gbèsè rí.

Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun kò ní fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, nítorí bàbá òun ni, ṣùgbọ́n òun kò ní fẹ́ ọkùnrin kankan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òun máa gbó sí. Ó ń gbé oúnjẹ fún bàbá náà, kò sì bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, àwọn èrò mọ́sáláṣí yí Alájì ká. Wọ́n ní Ọlọ́run ló bá a lé aláìníláárí ọmọ yẹn kúrò lọ́rùn ọmọ rẹ̀. Alájì fẹ́ ṣe àmín, àmín kò jáde. Ó dìde pẹ̀lú agbádá rẹ̀, ó rìn lọ bá aṣojú ìjọba.

“Èmi ni mo tan àpótí yẹn. Ọmọ yẹn parọ́ nítorí mi.”

Wọ́n tú Chitou sílẹ̀, wọ́n sì ti Alájì mọ́lé dípò rẹ̀. Wọ́n ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, wọ́n kó àpótí méjèèjì lọ, wọ́n sì tú ẹgbẹ́ ká. Ohun kan ṣoṣo tó ń mú inú àwọn ènìyàn dùn lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n fòpin sí i nítorí dígí mọ́tò. Inú ṣì ń bí mi sí i. Nígbà tí wọ́n tú Alájì sílẹ̀, tó padà délé, ó ti rù, àmọ́ ó sùn fọnfọn. Ó ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé Chitou pé tí ọmọ òun bá gbà, kí wọ́n wá, kí wọ́n sì mú owó orí lọ́wọ́, nítorí òun kì í fi ọmọ tọrẹ.

Chitou kò wá. Kouboura ló lọ bá a níbi tó ti ń tú rédíò kan palẹ̀.

“Bàbá mi ti ru ẹrù ara rẹ̀,” ló sọ. “Kò sẹ́ni tó jẹ ẹnìkan ní nǹkan kan mọ́.”

“Inú ṣì ń bí ọ?”

“Gan-an ni.”

“Ó ń bí èmi náà.”

“Ó dáa. Bi mí ní ohun tí o fẹ́ bi mí.”

Chitou gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. “Bí mo bá bi ọ́, tí o wá ní rárá ńkọ́?”

“Ohun tí mo ń jà fún láti ọjọ́ yìí nìyẹn.”

Chitou dìde dúró. “Kouboura, ṣé wàá fẹ́ mi?”

Ó wò ó títí, kí àwọn méjèèjì lè mọ̀ pé ó lè sọ pé rárá. Lẹ́yìn náà ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.