Ẹ̀rọ Ní A Kò Ní Rí Bàbá Àṣíáwù Lọ́dún Yìí

Ọ̀sán ni. À ń jẹun lọ́wọ́ nínú ọgbà wa ní Sokoura, ní ìlú Bouaké ní Ivory Coast, nígbà tí fóònù Àṣíáwù, ọmọ mi obìnrin, dún. Faransé ló ń sọ, mi ò gbọ́ ọ. Mo kàn rí i tí ojú rẹ̀ ń yí padà. Lójijì, ìlà já.

"Ìyá, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú ọkàn Bàbá ni. Wọ́n ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà àwọn ti sọ àsọtẹ́lẹ̀. Ó ní a ò ní rí Bàbá lọ́dún yìí."

Sọ̀fíyù, ọkọ mi, rọra dá òkèlè rẹ̀ padà sínú abọ́.

Wọ́n lé wa ní Gánà ní 1969, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn. Mo rí ogun ní Bouaké yìí. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ rí kí ẹ̀rọ máa rí ikú ènìyàn.

Mo gbé oògùn ọkàn rẹ̀ fún un, ó tì í padà.

"Kí ni oògùn fẹ́ ṣe fún ẹni tí wọ́n ti rí òpin rẹ̀?"

"Bàbá Àṣíáwù, ẹ jọ̀ọ́."

"Gbé e kúrò níwájú mi."

Ẹ̀rù bà mí. Láìsí oògùn yẹn, kò lè rìn dé mọ́ṣáláṣí láìmí hẹlẹhẹlẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì Carine gun alùpùpù dé. Ọmọ ẹ̀yà Baule ni, ṣùgbọ́n Júlà, èdè tí wọ́n ń ná ọjà níbí, la jọ ń sọ.

"Màmá, ìlà já mọ́ mi lẹ́nu lánàá. Mo ní kí n kúkú wá."

Mo ro ohun tí a gbọ́ fún un. Ó figbe ta.

"Ikú kẹ̀? Níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára gírípù, ọ̀fìnkìn oníbà yẹn, ni mo ní a ò ní rí wọn!"

"Alihamudulilaahi!" Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún pọ̀ mọ́ ọn.

"Ẹ̀rọ náà kì í rí ọjọ́ iwájú," Carine ní. "A fi àpẹẹrẹ àwọn aláìsàn ọkàn kọ́ ọ: àwọn tó gba abẹ́rẹ́ láwọn ọdún tó kọjá, àti àwọn tí kò gbà. Ó wá ń fojú bu ẹni tó ṣeé ṣe kó má wá. Irú wọn là ń pè."

"Ó yé mi," ni mo wí. "Nígbà tí mo ń ta abọ́, ẹni tó bá fi ìka kan abọ́ kó lè gbọ́ dídún rẹ̀ máa rà á. Ẹni tó bá ń béèrè iye lórí ìrìn, ó ń lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo máa ń ṣì í."

"Ẹ̀rọ pàápàá máa ń ṣì í, Màmá."

Ọkọ mi fajú ro. "Ta ló sọ fún un pé olóríkunkun ni mí?"

"Ẹ̀yin fúnra yín ni, Bàbá! Ìgbà wo lẹ gbà á rí?"

"Ṣebí ọ̀fìnkìn lásán ni gírípù?"

"Rárá, Bàbá," Carine ní. "Ó máa ń mú ọkàn ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ. Ọkàn tó ti ń ṣàìsàn, gírípù lè gbé e dùbúlẹ̀. Ó tilẹ̀ lè pa ènìyàn."

Ọkọ mi lo oògùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbé fìlà mi wá."

Bí wọ́n ti fún un lábẹ́rẹ́ tán ní ilé ìwòsàn, Carine pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀rọ ti ṣì í!"

"Inú rẹ wá ń dùn pé ẹ̀rọ yín pa irọ́?"

"Bàbá, kó lè di irọ́ la ṣe ń pè yín."

Ẹ̀yin tí ọkàn ń yọ lẹ́nu, bí ìlà bá já mọ́ ilé ìwòsàn lẹ́nu, ẹ pè wọ́n padà. Ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ kò gbọ́ tán. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ gírípù lọ́wọ́ dókítà yín lọ́dọọdún, kódà bí ẹnikẹ́ni ò pè yín. Apá ọkọ mi dùn ún díẹ̀, ìrora náà sì lọ. Ẹ lọ gbà á.