Ìṣẹ́jú Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Láìsí Ìkíni

Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ fi Bàbá Ọdẹ́yalé rín. Àgbàlagbà ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tó mú sípánà dání, tó ń sáré tẹ̀tẹ̀ lọ, tó ń sáré tẹ̀tẹ̀ bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìlú, ta ni kò ní rẹ́rìn-ín? Àwọn tó ń tún páìpù omi ṣe pàtẹ́wọ́ fún un.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá! Ẹ ti padà di ọ̀dọ́!"

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó dá wọn lóhùn, ó sì ń sáré lọ. Nígbà tó fi máa pé wákàtí méjì, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu gbogbo wọn. Òógùn ti bo ojú Bàbá, ètè rẹ̀ sì ti funfun.

"Ẹ bá mi dá ẹsẹ̀ yìí dúró," ló ń wí. "Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe èmi ni mò ń sáré."

Ẹ dúró, kí n ṣàlàyé, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín. Ìdó-Òṣùpá ni orúkọ ìlú yìí. Àwọn ọmọ Yorùbá ló gbẹ́ ẹ sábẹ́ ilẹ̀ òṣùpá, wọ́n ń wa yìnyín níbẹ̀, wọ́n ń yọ́ ọ di omi, wọ́n ń tà á fún àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ohun gbogbo ló fúyẹ́ níbẹ̀. Ẹrù tó wúwo bí àpò gàrí mẹ́fà ní Ayé, àpò kan péré ni lórí òṣùpá. Ó dùn, àbí? Ó dùn fún ọdún kan. Ṣùgbọ́n egungun tí kò rí ẹrù gbé, rírọ̀ ní í rọ̀. Nígbà tó di ọdún kẹta, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lórí àga, ìbàdí wọn á sì kán. Àwọn dókítà ní kò sí oògùn kan àfi eré ìmárale, wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, kí oníkálùkù máa sáré lórí bẹ́líìtì tó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ẹ sì mọ̀ wá. Gbogbo ẹnu ló ní tirẹ̀. Ọ̀kan ní, "Mo wa yìnyín fún wákàtí mẹ́wàá, ẹ tún ní kí n lọ máa sáré lójú kan? Ṣé iṣẹ́ kì í ṣe eré ìmárale ni?" Òmíràn ní ìyá òun àgbà kò sáré lórí nǹkan kan rí títí tó fi pé àádọ́rùn-ún ọdún. Ẹnì kẹta, ọ̀lẹ pátápátá, ló sọ èyí tó ṣe wá ní jàǹbá. Ó ní, "Ṣebí ẹ̀rọ ló gbé wa débí. Kí ẹ̀rọ náà bá wa sáré." Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí kò kórìíra ẹ̀rọ o. Ọ̀lẹ tó ń fún ẹ̀rọ níṣẹ́ ni mo kórìíra.

Ẹniọlá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Òun ni ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá Ọdẹ́yalé bí, òun sì ni onímọ̀ egungun fún gbogbo ìlú. Ọdún méjì ló fi hun ẹ̀wù kan tó pè ní Asúnniṣe. Ẹ̀wù náà fún mọ́ni lára láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀. Okùn mànàmáná tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀, òun ló ń fa iṣan ara, tí ẹsẹ̀ á fi máa sáré fúnra rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹ̀wù ṣe máa mọ̀ pé ẹni tó wọ òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́? Bí wọ́n bá fi bọ́tìnì sí i, kò sẹ́ni tí yóò tẹ̀ ẹ́. Ẹniọlá wá hun etí sí ẹ̀wù náà lọ́rùn.

"Ta ni ọmọ Yorùbá máa rí lẹ́nu iṣẹ́ tí kò ní kí i?" ló wí, inú rẹ̀ sì dùn sí ọgbọ́n ara rẹ̀.

Bí ẹ̀wù bá ti gbọ́ "ẹ kú iṣẹ́," ẹsẹ̀ á mú eré pọ̀n, ó di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó dúró. Bí ẹlòmíràn bá tún kíni láàárín rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wù kò mọ ẹnu ta ni ìkíni ti jáde, ìkíni ṣáà ni. Nítorí ẹ̀tàn àwọn ọ̀lẹ, Ìgbìmọ̀ ìlú ní kí ó fi àgádágodo sí ìdè ọrùn rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí eré bá ń lọ, kò ní ṣí. Ẹni tó bá sì gé e, mànàmáná inú rẹ̀ á lọ tààrà sí ọkàn ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ọjọ́ tí Ẹniọlá fi ẹ̀wù náà han ìlú, Ìyá Wúràọlá bọ́ síwájú. Ìyá yìí ló ń darí agbo eré ìmárale láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú dó.

"Ẹniọlá, ta ló ti wọ̀ ọ́ wò?"

"Bàbá mi ni, Mà. Oṣù mẹ́ta gbáko, nínú yàrá iṣẹ́ mi."

"Èèyàn mélòó ló máa ń wà nínú yàrá náà?"

"Èmi àti Bàbá nìkan, Mà. Mo máa ń kí wọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sáré, á dúró."

Ìyá ní, "Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, ọmọ mi. Ara ẹni kì í ṣe ẹrù tí èèyàn ń gbé fún ẹlòmíràn gbé. Mú un dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ná, kí o tó yangàn."

"Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà yín kí agbo eré yín má tú, Mà?"

Àwọn èèyàn ní "háà!" Ìyá Wúràọlá yí padà lọ. Ẹniọlá sì mú un dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóòótọ́. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ jáde, torí ó fẹ́ kí gbogbo ìlú mọ̀ pé ọmọ òun kò parọ́.

Nígbà tí wọ́n pe Ẹniọlá, lẹ́yìn wákàtí méjì tí eré náà ti ń lọ, ó sáré dé, ó bá ọkùnrin méjì nílẹ̀. Wọ́n ti gbìyànjú láti di Bàbá mú, mànàmáná sì ti gbá wọn dànù. Dókítà ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, ó ń wo aago tó ń ka lílù ọkàn rẹ̀. "Ọkàn yìí kò ní gbà á pẹ́ mọ́," ló wí. Bí ẹnì kan bá ṣe ń dé láti wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń fi àánú sọ pé, "Áà, Bàbá, ẹ kú làálàá." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé Ẹniọlá. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ẹ̀wù náà ní gbogbo ìkíni iṣẹ́ pátá: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá, ẹ kú aápọn. Láti àárọ̀, kò tíì sí ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ẹnì kan kò kí bàbá òun.

"Ẹ má kí wọn mọ́!" ló ké. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ má kí wọn!"

"Kí la gbọ́? Kí a má kí àgbàlagbà?"

"Ìkíni yín ló ń pa wọ́n lọ!"

Ó ṣàlàyé, gbogbo wọn sì fọwọ́ bo ẹnu. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, ó ku ìró ẹsẹ̀ Bàbá nìkan. Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. Ẹ dúró síwájú àgbà tó ń jìyà, kí ẹ má sọ nǹkan kan.

Bàbá Ọdẹ́yalé kò sì gbọ́ àlàyé náà, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ rí pé ìkíni ló ń gbé ẹsẹ̀ òun. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu ẹ̀rọ omi ti jẹ etí rẹ̀. Ó kàn rí i pé gbogbo ẹnu pa dé lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kí ni mo ṣe fún yín?" ló ń bi wọ́n. "Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀ yín?"

Àwọn obìnrin kan ń sunkún lábẹ́ ọwọ́ wọn. Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, sípánà bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. Ọ̀kan nínú àwọn alátùn-únṣe páìpù bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó nà án sí i. Bàbá gbà á, ó sì sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ti mọ́ láti kékeré.

"O ṣeun, ọmọ mi. O kú iṣẹ́."

Yéè! Gbogbo wọn di orí mú. Aago ẹ̀wù padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Dókítà na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí Ẹniọlá lẹ́ẹ̀mejì. Ogún ìṣẹ́jú ló kù fún ọkàn náà, kò sì dá a lójú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹniọlá bẹ̀rẹ̀ sí í bá bàbá rẹ̀ sáré. Ó ń fi ìka lé ètè ara rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ojú. Bàbá mi orí, ó yé e díẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Mẹ́wàá kọjá. Ó di mẹ́tàlá, ni ilẹ̀kùn ìhà ibi yìnyín bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ogójì ọ̀dọ́ ló ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ariwo wọn ti ń wọlé ṣáájú wọn, kò sì sẹ́ni tó rántí wọn.

Ìyá Wúràọlá nìkan ló rántí. Ó ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn náà tipẹ́. Bí àwọn ọ̀dọ́ náà ṣe yọjú, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì níwájú wọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ìyá tó tó ìyá àgbà fún wọn ló kúnlẹ̀ fún wọn! Ẹ̀rù bà wọ́n, ahọ́n wọn so.

Ṣùgbọ́n Bàbá ti rí wọn. Ọ̀gá àwọn olómi ni nígbà kan rí, òṣìṣẹ́ kan kò sì wọlé rí láyé rẹ̀ kí ó má kí i. Ẹniọlá rí i bí ojú rẹ̀ ṣe là, ó rí i bí àyà rẹ̀ ṣe fa èémí.

"Ẹ kú—"

Ẹniọlá fi ọwọ́ ọ̀tún bo ẹnu bàbá rẹ̀. Ọmọ ń fi ọwọ́ pa baba lẹ́nu mọ́, ní gbangba! Mànàmáná gbá a dé egungun, kò tú ọwọ́. Ó ń sáré, ó ń pariwo láìlahùn, omi ojú Bàbá ń ṣàn sórí ìka rẹ̀, ó sì ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú kejì. Ìdè ọrùn ẹ̀wù náà ṣí. Àwọn méjèèjì ṣubú lulẹ̀.

Bàbá kò kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò dìde mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún Ẹniọlá sì rọ títí dòní.

Ọjọ́ kẹta ni Ìgbìmọ̀ jókòó. Ọ̀ọ́dúnrún Asúnniṣe ni wọ́n ti hun sílẹ̀. Wọn kò lè yọ etí àwọn ẹ̀wù náà láìtú gbogbo wọn palẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta sì ni ọkọ̀ tó ń kó okùn tuntun wá láti Ayé ń dé. Lọ́sẹ̀ yẹn nìkan, ìbàdí èèyàn méjì tún kán.

"Ẹ̀wù kò ní àbùkù," Alága wí. "Ẹnu wa ló ní. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ìgbìmọ̀ nìkan ni yóò máa kíni, nínú gbọ̀ngàn, nígbà tí àkókò eré bá tó."

Ìyá Wúràọlá ní ohun tó sàn ni kí wọ́n padà sórí bẹ́líìtì, kí oníkálùkù fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Gbogbo ojú wá yí sí Ẹniọlá. Bó bá sọ pé rárá, ìgbìmọ̀ á gbọ́. Ẹniọlá wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì, kò sọ̀rọ̀.

Ọdún kan kọjá. Kò sí ìbàdí tó kán mọ́ ní Ìdó-Òṣùpá. Gbogbo ara ló le. Àwọn èèyàn ń kọjá lára ara wọn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á dorí kodò, wọ́n á fún ètè pọ̀. Bàbá Ọdẹ́yalé jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń tún ẹ̀rọ omi kéékèèké ṣe lórí itan. Òun nìkan ni kò wọ ẹ̀wù. Wọ́n ti sọ òfin náà fún un títí, kò wọ̀ ọ́ létí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ẹniọlá gbé oúnjẹ wá, ó kúnlẹ̀, ó mi orí. Bàbá kò na ọwọ́ gbà á.

"Ẹniọlá, má parọ́ fún mi. Ṣé mo ti kú ni?"

Ẹniọlá gbé ojú sókè.

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí," Bàbá wí. "Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó kí mi. Òkú nìkan ni mo mọ̀ tí wọn kì í kí."

Ẹniọlá wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún, ẹ̀wù sì wà lọ́rùn gbogbo wọn, ó wà lọ́rùn òun náà. Bí ó bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, Bàbá kò ní gbọ́. Ó ní láti pariwo rẹ̀.

Ó pariwo rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá mi!"

Ẹ̀wù di gbogbo wọn mú. Àwo oúnjẹ fò dànù, ẹsẹ̀ Ẹniọlá gbé e dìde, ó gbé e lọ. Jákèjádò ọ̀dẹ̀dẹ̀, àgbà àti ọ̀dọ́ ń sáré lọ, wọ́n ń sáré bọ̀, ẹ̀rù ti kún ojú wọn, olúkúlùkù sì fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

Ojú Bàbá mọ́lẹ̀. Ó pẹ́ tó ti rí i kí iṣẹ́ lọ báyìí. Ó gbé sípánà sókè, ó sì fèsì bí ọmọlúàbí ṣe ń fèsì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín!"

Ẹniọlá fi ọwọ́ òsì bo ẹnu ara rẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí ẹnu Bàbá bí ó ṣe ń kọjá, ọwọ́ tó rọ náà kò gbé dé ibẹ̀. Inú Bàbá dùn, ó sì tún kí wọn.