Hẹ́dífóònù Tó Ṣí Lẹ́yìn

Ojú rẹ̀ wà ní dídì, ó na ọrùn síwájú bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè, ó sì fajú ro bí ẹni tí wọ́n purọ́ fún. Bí ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn, nídìí tábìlì tó pàtẹ hẹ́dífóònù sí. Obìnrin náà ti gbé mẹ́fà wò, ó ti dá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà. Keje ló wà létí rẹ̀ yìí.

"Èyí náà ń purọ́," ó ní.

Etí ọlọ́jà yìí mú débi pé Elétí làwọn aládùúgbò ń pè é, àmọ́ kò gbọ́ irú ẹjọ́ yìí rí. "Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ wo ló pa?"

"Ó bu ṣúgà sórin. Ohùn ìsàlẹ̀ ń kù rìrì, kò jẹ́ kí n gbọ́ àwọn tó kù. Olùkọ́ orin ni mí. Bí akọrin bá ṣìṣe, mo fẹ́ gbọ́ àṣìṣe ẹ̀."

Elétí wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, ó gbé ọ̀kan jáde tí kì í pàtẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí asẹ́.

"Ẹ̀yìn èyí ṣí sílẹ̀, ohùn á rí ibi mí. Kì í bù kún orin, kì í bù kúrò níbẹ̀. Àléébù ẹ̀ kan ni pé kì í pa àṣírí mọ́. Ẹni tó bá jókòó tì yín á gbọ́ ohun tí ẹ ń gbọ́."

"Ẹ jókòó tì mí nígbà náà, ká wò ó."

Ó jókòó. Orin bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ na ìka kan sókè. "Ẹnì kan ṣí ìwé nínú orin yẹn." Ó na ìka kejì. "Obìnrin tó ń kọrin yẹn mí kó tó gbé ohùn." Ẹ̀rín wá sójú rẹ̀, Elétí ò sì lè mójú kúrò.

"Mo máa rà á," ni Olùkọ́ wí. "Ṣùgbọ́n mi ò ní lò ó pẹ́."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye aago tó lù. Dókítà ti ní etí òsì ń lọ, ọ̀tún á sì tẹ̀lé e, kò ní ju ọdún méjì lọ. Bó ṣe ṣe ìyá rẹ̀ náà nìyẹn. Ó fẹ́ gbọ́ gbogbo orin tó fẹ́ràn lẹ́ẹ̀kan sí i, láìní àbùlà.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ló ń gbé hẹ́dífóònù náà padà wá, Elétí á sì jókòó tì í.

"Ìwọ Elétí yìí, ṣé orin lò ń gbọ́ ni, àbí ẹnu mi lò ń wò?"

"Méjèèjì ni, ìyàwó mi lọ́la. Oníṣẹ́ kì í fojú kan ṣiṣẹ́."

Kí ọdún tó yí, wọ́n ti di àfẹ́sọ́nà ara wọn.

Ìyá Elétí gbọ́, ọjọ́ kẹta ló tó pe ọmọ rẹ̀ jókòó. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò pariwo. "Mi ò kórìíra ọmọ yẹn. Àmọ́ ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ ló ti jogún àìsàn yìí. Ta ló máa wá jogún ẹ̀ lọ́dọ̀ òun náà? Àwọn ọmọ ọmọ mi ni. Dá mi lóhùn."

Elétí kò fi bò, ó lọ sọ ohun tí ìyá rẹ̀ wí fún Olùkọ́.

Ní Sátidé kan, àwọn oníbàárà kún ṣọ́ọ̀bù. Olùkọ́ gbé hẹ́dífóònù sétí, Elétí tan orin. Olùkọ́ ṣẹ́wọ́ sí i pé kó fi kún un. Ó fi kún un. Ó tún ṣẹ́wọ́. Orin ti ń tú jáde lẹ́yìn hẹ́dífóònù náà, gbogbo èèyàn yíjú padà.

Olùkọ́ wo Elétí lójú. "Ìfẹ́ mi, ṣé o ti tàn án?"

Ó wo ojú àwọn oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì mọ̀ pé etí òun ti lọ. Ó yọ hẹ́dífóònù náà, ó rọra ká wáyà rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì jáde.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, kò wá. Elétí bá a lọ sílé. Ilé ìwé ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti ta dùùrù rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ dùùrù náà ṣì wà lórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Máa lọ," ló wí. "Ohùn nìṣẹ́ ẹ. Kí lo fẹ́ fi mí ṣe? Ìyá ẹ ò ṣì wí."

Elétí fa ìwé yọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ìyá mi ò ṣì wí. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mo ṣì fẹ́ ọ.

Olùkọ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì. "O ò tiẹ̀ lè tàn mí pé nǹkan máa dáa?"

Ó kọ ọ́: Mi ò mọ̀ bóyá ó máa dáa.

Ìgbà yẹn ni Olùkọ́ tó sunkún. Kò mọ bí ẹkún náà ṣe ròkè tó. Elétí nìkan ló gbọ́ ọ, ó sì dì í mú títí tó fi tán.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n lọ sí kóòtù. Ìyá Elétí wá, ó jókòó sẹ́yìn, kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Akọ̀wé béèrè bóyá Olùkọ́ gbà láti fẹ́ ọkùnrin yìí. Elétí kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ fún un.

"Mo gbà!"

Akọ̀wé ta gìrì. Àwọn tó wà níta yọjú lójú fèrèsé. Olùkọ́ kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ṣé mo pariwo?"

Elétí mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó dáa," ló wí, ó sì tún un wí, ariwo rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.