Ẹ̀bù Méjìlá Lára Ìbíyẹmí

Ẹ̀rọ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lánlẹ́hìn gbé wọ pálọ̀ Fadérera kò ju àpótí ìjókòó lọ. Ó funfun báláú, ariwo rẹ̀ kò sì tó ti ẹ̀fọn. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìkan ló ń dẹ́rù bani: ọkàn ọmọ ènìyàn ló ń gé. Agébù ni wọ́n ń pè é. Bí àgbẹ̀ ṣe ń gé iṣu sí ẹ̀bù kó tó gbìn ín, bẹ́ẹ̀ ni agébù ṣe ń gé díẹ̀ lára ọkàn ọmọ, yóò fi ìmọ́lẹ̀ wọ̀ ọ́ láṣọ, yóò sì fi ránṣẹ́ sí yunifásítì tí ọmọ náà ń wá àyè sí.

Láyé ìgbà náà, ìdánwò ti di ohun ìtìjú. Gbogbo ọmọ ló ní ẹ̀rọ tó ń bá a ronú, kódà olódo ń gba máàkì pé. Àwọn yunifásítì wá fárígá pé ọkàn gan-an làwọn fẹ́ rí. Ẹ̀bù ọmọ yóò lọ gbé lọ́dọ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, wọn yóò wo bó ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀, bó ṣe ń jà, bó ṣe ń tọrọ àforíjì. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ kẹjọ, ẹ̀bù yóò padà wọnú ọmọ tó ni ín, ó parí.

Ibi tí wàhálà wà ni iye, torí yunifásítì kan, ẹ̀bù kan ni. Ẹ̀bù mélòó ni kí ènìyàn gé? Ní Òkè-Ìràwọ̀, ìlú tí àwọn Yorùbá tẹ̀ dó sí ẹ̀yìn òṣùpá, kò sí ìbéèrè tó ń tú ilé ká tó o. Aládùúgbò Fadérera gé ogún lára ọmọ tirẹ̀, ó sì ń ròyìn rẹ̀ kiri bí ẹni tó bí ogún ọmọ láìrọbí.

"Mọ́mì, ọ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́," Ìbíyẹmí wí. Òun lọmọ tí wọ́n ń torí rẹ̀ jà, ẹnu rẹ̀ sì mú. "Yunifásítì Omi, nínú òkun ayé nísàlẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń sọ ọ́. Kí ni kí n fi ìyókù ṣe, kí n sè é jẹ?"

"Bí wọn ò bá gbà ọ́ ńkọ́?" Lánlẹ́hìn bi í. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni. Òun ló ṣe agébù, kò sì lè tọrọ omi mu kó má dárúkọ oyè rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká gé mẹ́rìnlélógún. Èmi Ọ̀jọ̀gbọ́n ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìwádìí wa fi hàn pé…"

"Fi ìwádìí yẹn sápò ná." Ìyá tó bí Lánlẹ́hìn lọ́mọ, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, dá a lóhùn láti orí àga. "Odindi ni mo bí ẹ. Ta ló ní kí ẹ máa kun ọmọ bí ẹran iléyá? Ọ̀kan gan-an ti pọ̀ jù."

"Màámi, ẹ̀rọ nìyí, kì í ṣe àdá."

"Ohun tó bá ti ń gé nǹkan, àdá ni."

Orí ń fọ́ Fadérera. Ọkọ rẹ̀ ti sá lọ síbi iṣẹ́ ìwakùsà lórí ìràwọ̀ pupa, ó ní ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí, òun fara mọ́ ọn. Ọlọ́gbọ́n ọkùnrin! Fadérera bá ṣe ohun tí ìyá tí ẹjọ́ ti sú máa ń ṣe: ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ó já mẹ́rìnlélógún wálẹ̀, ó ti ọ̀kan gòkè, Ìyá Àgbà ń pòṣé, Lánlẹ́hìn ń mi orí, wọ́n bá pàdé ní méjìlá. Kò sẹ́ni tó tún bi Ìbíyẹmí léèrè. Bí wọ́n ṣe ń ná orí màlúù ni wọ́n ṣe ná orí ọmọ.

"Bọ̀dá Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé kò ní dùn ún?" Fadérera bi í.

"Ìyàwó wa, iṣu tí wọ́n ń gé ẹ̀bù lára rẹ̀, ṣé ẹ ti gbọ́ kó ké?"

Ìbíyẹmí kò ké lóòótọ́. Ó kàn ń dákẹ́ sí i ni. Kí wọ́n tó gé e dé ìdajì, ó ti gbàgbé ẹni tó ń bá a jà nílé ìwé. Nígbà tí wọ́n fi parí, "ẹ ṣé, mà" ló ń sọ sí ohun gbogbo, ọmọ tí kì í dúpẹ́ láìfi ọ̀rọ̀ gún ènìyàn lára! Lánlẹ́hìn ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan nílò ni ẹ̀bù rẹ̀ mú lọ, gbogbo rẹ̀ á sì padà lọ́jọ́ kẹjọ.

Ọjọ́ kẹjọ! Gbogbo ìwé tí ọkùnrin yìí kà, kò rí ọjọ́ mìíràn mú láàárín Yorùbá.

Nítorí jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà ni àwọn ẹ̀bù ń yọjú lójú dígí ìpàdé tó wà lára ògiri, èyí tí wọ́n fi ń bá ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀ lójúkojú, tí wọ́n ń kí Ìyá Àgbà lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá tó sọ pé ọ̀kan gan-an ti pọ̀ jù ti ń bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, Fadérera wà níbi iṣẹ́, Lánlẹ́hìn wà lórí rédíò tó ń yin ara rẹ̀. Ìyá Àgbà ró ìró tó dára, ó to oyin, iyọ̀ àti obì síwájú dígí, ó sì sọ àwọn méjèèjìlá lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bẹ́ẹ̀ òfin wà ní Òkè-Ìràwọ̀. Àwọn àgbà ló ṣe é nígbà tí àwọn oníṣòwò ń pa ọkàn inú ẹ̀rọ rẹ́ bí ẹni ń nu tábìlì: ọkàn tí ẹbí bá ti sọ lórúkọ ti di ènìyàn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pa á rẹ́ tàbí dà á pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn, àfi tó bá fúnra rẹ̀ gbà. Lánlẹ́hìn wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún òfin náà.

Lọ́sàn-án, gbogbo wọn ti pé sílé. Lánlẹ́hìn tẹ agébù pé kó kó àwọn ẹ̀bù padà; ẹ̀rọ náà kùn, ó gbọ̀n, ó sì fọhùn: "Kò ṣeé ṣe. Ènìyàn ni wọ́n." Lẹ́sẹ̀ kan náà ni ìròyìn wọlé: yunifásítì méjèèjìlá ló gba ẹ̀bù tiwọn. Aládùúgbò ti ń kanlẹ̀kùn láti kí wọn kú oríire.

"Màámi, ẹ ti bayé mi jẹ́!" Lánlẹ́hìn figbe ta.

"Ọmọ pé ọjọ́ mẹ́jọ, kí n máa wò ó láìlórúkọ, ṣé ajá ni? Ìwọ lo sọ ọ̀kan di méjìlá. Ta ló bayé jẹ́ nínú wa?"

"Ẹ ò bá ti bi mí!"

"O ò bá ti mú ọjọ́ keje!"

"Ẹ gbẹ́nu yín dákẹ́, ẹ̀yin méjèèjì!" Fadérera kò jágbe mọ́ ará ilé ọkọ rí. Ó fọwọ́ kan dígí, ó pe èyí tó wà ní Yunifásítì Omi, tí Ìyá Àgbà sọ ní Omíyalé.

Ọmọbìnrin náà yọ fìrì, ojú rẹ̀ ń dán. "Mọ́mì! Ẹ wá wo ẹja kan níbí, ó ń tanná bí ilé olówó!"

"Omíyalé, ọmọ mi, jọ̀ọ́, padà wálé. Bí ìwọ bá gbà, òfin gbà."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọmọ náà. "Ẹ má bínú, mà. Ibí nìkan ni mo sọ fún yín pé mo fẹ́. Ẹ̀yin lẹ fi mọ́kànlá kún un." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín padà. "Ẹ bá mi kí ẹni tó kù nílé. Ṣé ó ń jẹun?"

Fadérera yíjú. Ìbíyẹmí jókòó jẹ́jẹ́ lórí àga, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, ó ń wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí bí àlejò ṣe ń wo ọmọ onílé.

"Ọmọ yìí dára o," ó wí. "Ta ló bí i, mà?"